Ààlè Abẹ́ Ewé

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Mo ní ààlọ́ o! Àbí àsáró tí ẹ jẹ ti dí yín létí ni?

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Ààlọ́ mi fò, ó sinmi. Ó tún fò, ó tún sinmi. Kò balẹ̀ sórí òrùlé, kò balẹ̀ sórí ẹní. Ìdí igi àgbálùmọ̀ kan ló balẹ̀ sí, lẹ́yìnkùlé obìnrin kan tó ń jẹ́ Ẹfúntọ́lá. Ẹ sún mọ́ mi. Ìwọ Adéògo, ká ẹsẹ̀ rẹ kò, ẹsẹ̀ rẹ gùn ju ọjọ́ ààwẹ̀ lọ. Orin wà nínú ààlọ́ yìí. Bí mo bá ti dá a, ègbè yín ni, "Fà sẹ́yìn o, fà sẹ́yìn." Ẹni tí kò bá gbè é, òun ni á fọ gbogbo abọ́ ilé yìí lọ́la.

Ní ayé àtijọ́, ní ìlú Ìdí-Awùsá, opó kan wà, Ẹfúntọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí láyé. Obìnrin lọmọ náà, Àyọ̀ká ló ń jẹ́. Àyọ̀ká mọ orin kọ. Bó bá ń kọrin lódò, ẹja á gbàgbé pé inú omi lòun ń gbé, á gòkè wá jókòó sórí àpáta. Ará Ìdí-Awùsá ò ra ẹja rí nígbà yẹn. Wọ́n kàn ń ṣà á ni.

Àyọ̀ká ti wà nílé ọkọ, ní ìlú kejì. Ó lóyún àkọ́bí. Ẹ sì mọ àṣà wa, oyún àkọ́bí, ọ̀dọ̀ ìyá ẹni la ti ń lọ bí i. Wọ́n ti fi àdéhùn sí i pé bí oṣù tuntun bá lé, Àyọ̀ká á dé.

Ẹfúntọ́lá ní ọgbà kan lẹ́yìnkùlé. Ọgbà yìí! Ilá ibẹ̀ ga débi pé àkàbà ni wọ́n fi ń ká a. Ata ibẹ̀ gbóná débi pé bó o bá wò ó lójú lásán, wàá sín títí di ìrọ̀lẹ́. Ewé tẹ̀tẹ̀ ibẹ̀ fẹ̀, odindi ìdílé lè sá òjò sábẹ́ ẹyọ kan, kí wọ́n tún dáná níbẹ̀. Àárín ọgbà náà gan-an ni igi àgbálùmọ̀ wà. Láti kékeré, kò sóhun tí Àyọ̀ká fẹ́ràn bí àgbálùmọ̀ igi yìí.

Ẹfúntọ́lá ní, "Ti ọdún yìí, ti ọmọ mi ni. Aboyún ló ń fẹ́ nǹkan kíkan. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án."

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń dun Ẹfúntọ́lá. Kò lè bẹ̀rẹ̀ tu koríko mọ́. Ló bá ń wá ẹni tí á bá a tọ́jú ọgbà.

Ewúrẹ́ wá. Ó ní, "Èmi mọ iṣẹ́ ọgbà o." Ẹfúntọ́lá gbà á. Kó tó di ọ̀sán, ẹ̀fọ́ ṣọkọ ti tán, Ewúrẹ́ ń nu ẹnu. Ẹfúntọ́lá lé e jáde.

Òkété wá. Ó ní, "Èmi mọ iṣẹ́ ọgbà o." Ẹfúntọ́lá gbà á. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ihò inú ọgbà ti pọ̀ ju ewé lọ, ẹ̀gẹ́ ti bá ihò wọlẹ̀. Ẹfúntọ́lá lé òun náà jáde.

Ọ̀pọ̀lọ́ wá.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá."

"Ta nìyí? Ara rẹ rí ṣákiṣàki bí ẹ̀yìn ìkòkò."

"Bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá mi ni, Ìyá. Iṣẹ́ ọgbà ni mo wá ṣe."

"Kí lo máa gbà?"

"Mi ò gba nǹkan kan. Kòkòrò tó ń jẹ ewé yín ni oúnjẹ mi. Ìdí àmù yín tó tutù ni ibùsùn mi."

Ẹfúntọ́lá wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Ó gbà á. Àmọ́ nínú ara rẹ̀, ó ní, "Ta ní í ṣiṣẹ́ láìgba nǹkan? Nǹkan kan wà tí eléyìí ń wá."

Ọ̀pọ̀lọ́ ṣiṣẹ́. Ó jẹ tata, ó jẹ ìdin, ó jẹ kòkòrò abẹ́ ewé. Ó wọ́n omi, ó tu koríko. Ọgbà náà tutù yọ̀yọ̀. Ẹni tó bá ń kọjá lójú ọ̀nà á dúró, á ní, "Ẹfúntọ́lá, ta ló ń bá ọ tọ́jú ọgbà?" Kò ní dáhùn. Kò fẹ́ dárúkọ Ọ̀pọ̀lọ́.

Nígbà tó yá, àgbálùmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. A kì í ká àgbálùmọ̀, a máa ń dúró kó bọ́ fúnra rẹ̀ ni. Ní àràárọ̀, Ọ̀pọ̀lọ́ á fi imú ti èyí tó bọ́, á tì í dé inú apẹ̀rẹ̀. Ẹfúntọ́lá á jáde wá, á wo apẹ̀rẹ̀.

"Èyí mà kéré o. Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Àdán ni, Ìyá. Orí igi ló ti ń jẹ ẹ́, kó tó bọ́."

Ẹfúntọ́lá gbójú sókè. Ojúmọ́ ti mọ́, Àdán ti lọ sùn. Kò rí ẹnikẹ́ni. Ó wolẹ̀, ó rí Ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀fun Ọ̀pọ̀lọ́ ń mì gbìn-ìn, gbìn-ìn, gbìn-ìn.

"Kí lò ń gbé mì yẹn?"

"Kò sí nǹkan kan lẹ́nu mi, Ìyá. Mo ń mí ni."

"Èémí wo ló ń ti ọ̀fun báyẹn? Èmi náà ń mí. Ṣé ọ̀fun mi ń jó?"

Bó bá rí i láàárọ̀, ọ̀fun ń mì. Bó bá rí i lọ́sàn-án, ọ̀fun ń mì. Bó bá rí i nírọ̀lẹ́, ọ̀fun ń mì. Ẹfúntọ́lá ní ọ̀rọ̀ ti parí, Ọ̀pọ̀lọ́ ló ń jẹ àgbálùmọ̀ ọmọ òun.

Lọ́jọ́ kan, ó mú àkísà pupa, ó mú ìkarahun ìgbín, ó mú ògbólógbòó ìgbálẹ̀. Ó dì wọ́n pọ̀. Ààlè nìyẹn. Ààlè tí à ń so mọ́ igi ìdáná tí a gbé sẹ́bàá ọ̀nà, kí ẹni tó ń kọjá lè rí i, kó mọ̀ pé ẹnì kan ló ni ín, kó bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà yẹn, ààlè kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ohun tó o bá fi ẹnu sọ sí i ló máa ṣe. Ọwọ́ tó so ó nìkan ló lè tú u, bó bá sì ti mú ẹnì kan, oòrùn ọjọ́ náà ò gbọ́dọ̀ wọ̀ kó tó tú u, bí onítọ̀hún á bá yè.

Ẹfúntọ́lá gbé ẹnu sún mọ́ ààlè. Ó ní, "Ẹni tó bá mú àgbálùmọ̀ nílẹ̀ ibí, tó fi kan ẹnu, kí ọ̀fun rẹ̀ dí." Ilẹ̀ ló dárúkọ, torí ó mọ̀ pé Ọ̀pọ̀lọ́ ò lè gun igi. Ó so ààlè mọ́ ẹ̀ka. Ó ta kókó, ó ta kókó, ó tún ta kókó. Ó wá fa ewé bò ó.

Ìyá Awẹ́lé, arúgbó tí ilé rẹ̀ fara kan ti Ẹfúntọ́lá, yọjú lókè odi ọgbà.

"Ẹfúntọ́lá, kí lò ń so sábẹ́ ewé?"

"Ààlè ni, Ìyá."

"Ààlè, o wá fi ewé bò ó? Ta ló fẹ́ rí i?"

"Mi ò fẹ́ kó rí i. Bó bá rí i, kò ní jẹ ẹ́. Bí kò bá jẹ ẹ́, báwo ni ọwọ́ mi á ṣe tẹ̀ ẹ́?"

"Háà! Ojú ni ààlè ń bá sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Èyí tí ojú ò bá rí, ẹ̀bìtì ni."

"Ẹ̀bìtì náà ni mo dẹ, Ìyá."

"Ẹ̀bìtì kì í béèrè orúkọ o."

Ẹfúntọ́lá rẹ́rìn-ín. Ó gbọn ọwọ́ nù, ó wọlé.

Abẹ́ ewé tẹ̀tẹ̀ ni Ọ̀pọ̀lọ́ wà. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́. Ó dùn ún wọra. Ó fẹ́ kó ẹsẹ̀ rẹ̀ ńlẹ̀, kó máa lọ. Ó tún rò ó, ó ní, "Bí mo bá lọ, ta ni á kìlọ̀ fún ẹni tí kò rí i?" Ó bu omi, ó wọ́n ọgbà.

Láti ọjọ́ náà, Ẹfúntọ́lá ní, "Ọ̀pọ̀lọ́, má ṣa àgbálùmọ̀ mọ́. Jẹ́ kó wà nílẹ̀." Ó ṣẹ́jú. Àgbálùmọ̀ wà nílẹ̀, ó pọ́n, ó ń dán.

Adìẹ dé. Ó rí i. Ó na ọrùn. Ọ̀pọ̀lọ́ dá orin:

Ìwọ tó ń bọ̀ nídìí igi,
Fà sẹ́yìn o, fà sẹ́yìn.
Èyí tó bọ́ tó ń dán sí ọ,
Fà sẹ́yìn o, fà sẹ́yìn.
Ààlè ń bẹ, ewé bò ó,
Fà sẹ́yìn o, fà sẹ́yìn.
Ọwọ́ tó so ó kò sí ńbí,
Fà sẹ́yìn o, fà sẹ́yìn.

Ẹ ṣeun. Adéògo, mo gbọ́ ohùn tìrẹ, ó dà bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

Adìẹ ní, "Ìwọ nìkan lo fẹ́ dá jẹ ẹ́. Ààlè dà? Mi ò rí ààlè." Ó ṣá a jẹ. Ọ̀fun rẹ̀ dí. Ó fò sókè, ó ṣubú, ó nà gbalaja.

Ewúrẹ́ ọjọ́sí yọ́ wọlé padà. Ó rí i. Ó la ẹnu. Ọ̀pọ̀lọ́ tún dá orin náà. Ẹ gbè é:

Ìwọ tó ń bọ̀ nídìí igi,
Fà sẹ́yìn o, fà sẹ́yìn.
Ààlè ń bẹ, ewé bò ó,
Fà sẹ́yìn o, fà sẹ́yìn.

Ewúrẹ́ ní, "Wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gbà ọ́. Ìwọ náà lo wá ń ṣòfin fún mi? Ààlè dà? Mi ò rí ààlè." Ó jẹ ẹ́. Ọ̀fun rẹ̀ dí. Òun náà nà gbalaja.

Ọ̀pọ̀lọ́ lọ bá Ẹfúntọ́lá. Ó dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í pẹ́ ọ̀pọ̀lọ́ kó tó dọ̀bálẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú ààlè yẹn. Ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló ń mú."

"Ta ló sọ ọ̀rọ̀ ààlè fún ọ?"

"Mo gbọ́ ọ ni, Ìyá. Bí ẹ ò bá tú u, ẹ so ó síta."

"Bí ìwọ ò bá jẹ ẹ́, kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

Ọ̀pọ̀lọ́ tún dọ̀bálẹ̀. Ọ̀fun rẹ̀ ń mì. Ẹfúntọ́lá wo ọ̀fun náà, ó ní, "Á kàn ọ́. Fara balẹ̀."

Ó ránṣẹ́ sí Àyọ̀ká nílé ọkọ. Ó ní kí wọ́n sọ fún un pé, "Bó o bá délé, olè ni Ọ̀pọ̀lọ́ tó ń tọ́jú ọgbà. Ohunkóhun tó bá sọ, má gbà á gbọ́."

Ọjọ́ ọjà pé. Oṣù tuntun kò tíì lé. Ẹfúntọ́lá lọ ra ọṣẹ, àdí àti osùn tí wọ́n máa fi tọ́jú ọmọ tuntun.

Àyọ̀ká kò dúró de oṣù tuntun. Ikùn rẹ̀ ti wálẹ̀, ara rẹ̀ ti sọ fún un pé kó máa lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó rìn nínú oòrùn. Nígbà tó délé, òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, ẹnu rẹ̀ gbẹ bí èèpo igi.

"Ìyá mi o! Mo ti dé o!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ó rí àgbálùmọ̀ nílẹ̀. Itọ́ sọ lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá mi! Ó ti tọ́jú rẹ̀ dè mí."

Ọ̀pọ̀lọ́ fò jáde lábẹ́ ewé. Ó kọ orin rẹ̀ sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà, ẹ gbè é sókè, bóyá á gbọ́:

Ìwọ tó ń bọ̀ nídìí igi,
Fà sẹ́yìn o, fà sẹ́yìn.
Ìwọ tó gbé ọmọ sínú,
Fà sẹ́yìn o, fà sẹ́yìn.
Ààlè ń bẹ, ewé bò ó,
Fà sẹ́yìn o, fà sẹ́yìn.
Ọwọ́ tó so ó wà lọ́jà,
Fà sẹ́yìn o, fà sẹ́yìn.

Kò gbọ́. Àyọ̀ká ní, "Ìwọ ni Ọ̀pọ̀lọ́, àbí?"

"Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kan ẹnu. Ààlè wà lórí igi."

Àyọ̀ká gbójú sókè. Ó yí igi ká. Ewé ló rí.

"Ààlè dà? Mi ò rí ààlè."

"Abẹ́ ewé ni wọ́n so ó sí."

"Ta ní í so ààlè sábẹ́ ewé? Ìyá mi ti ránṣẹ́ sí mi nípa tìẹ. Kúrò níwájú mi, jàre."

Ọ̀pọ̀lọ́ gun orí àgbálùmọ̀, ó fi àyà bò ó. Àyọ̀ká fi ẹsẹ̀ sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni sún ọmọdé. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oyún nínú. Ó mú ọ̀kan. Ó fi kan ẹnu.

Ọ̀fun rẹ̀ dí.

Ìyá Awẹ́lé gbọ́ nígbà tí Àyọ̀ká ṣubú. Ó fi ọ̀pá wọ́ ara rẹ̀ dé ibẹ̀. Ó rí Àyọ̀ká nílẹ̀, ó wo igi, ó mọ̀. Ó gbé orí ọmọ náà lé itan.

"Ọ̀pọ̀lọ́, sáré! Lọ pe ìyá rẹ̀ lọ́jà. Ẹsẹ̀ mi ò lè gbé mi dé ibẹ̀. Kí oòrùn má wọ̀ o!"

Ọ̀pọ̀lọ́ fò. Ẹ mọ bí ọ̀pọ̀lọ́ ṣe ń rìn. Ó fò, ó bà. Ó fò, ó bà. Iyanrìn gbóná lábẹ́ ikùn rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì kọjá lára rẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kọjá lára rẹ̀, ìgbín gan-an kọjá lára rẹ̀ tó tún kí i. Ó fò, ó bà. Nígbà tó fi máa dé ọjà, kò sí ọ̀rọ̀ kan mọ́ lẹ́nu rẹ̀, àfi èémí. Ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sísàlẹ̀, ó wú bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ.

Ẹfúntọ́lá rí i. Ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wá wòran o! Ẹ wá wo ọ̀fun olè! Ààlè mi ti mú un!"

Àwọn èèyàn pé jọ. Ọ̀pọ̀lọ́ ní, "Ọ... ọmọ..."

"Ọmọ rẹ ni kó wá bẹ̀ mí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀lọ́ ní, "Ilé... Ìyá... ilé..."

"Ilé wo? O ti kúrò nílé mi lónìí."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ẹfúntọ́lá fa àpótí, ó jókòó. Ó ra ẹ̀kọ, ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ọ̀fun Ọ̀pọ̀lọ́ bí ẹni ń wo eégún. Oòrùn ń rọlẹ̀. Ó bu ẹ̀kọ sí i.

Nígbà tó pẹ́, èémí Ọ̀pọ̀lọ́ balẹ̀. Ó ní, "Ìyá, Àyọ̀ká ti dé. Ó mú un nílẹ̀. Ó fi kan ẹnu."

Ẹ̀kọ bọ́ lọ́wọ́ Ẹfúntọ́lá.

Ó sáré. Obìnrin tí ẹ̀yìn ń dùn yìí sáré débi pé òjìji rẹ̀ ò rí i bá, ó kù sọ́jà. Àdí dà sọ́nà. Osùn dà sọ́nà. Ó dé ìdí igi. Oòrùn ku fẹ́ẹ́rẹ́ lórí òkè. Ó fa ewé ya, ó na ọwọ́ sí kókó. Kókó kìíní, ó tú. Kókó kejì, ó tú. Kókó kẹta, kò tú. Ó fi èékánná ha á, kò tú. Ó fi eyín fà á, ó ń sunkún, ó ń fà á. Oòrùn wọ̀ dé ìdajì. Okùn já. Bí ó ti já ni oòrùn wọlẹ̀.

Àyọ̀ká mí. Ìyá Awẹ́lé ní, "Ó mí o!" Ilẹ̀ ọgbà náà ló bímọ sí, láàárín ẹ̀fọ́. Ọmọ ké. Ẹfúntọ́lá kúnlẹ̀, ó ní, "Àyọ̀ká mi, dá mi lóhùn."

Àyọ̀ká la ẹnu. Èémí jáde. Ohùn ò jáde. Èémí rí ọ̀nà kọjá, oòrùn sì ti wọ̀ mọ́ ohùn.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé. Bàbá ọmọ sọ tirẹ̀. Àwọn àgbà sọ tiwọn. Wọ́n ní kí ìyá ọmọ sọ orúkọ tí òun fẹ́. Àyọ̀ká la ẹnu, ètè rẹ̀ ń mì. Wọ́n dúró, wọ́n dúró. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ náà títí dòní. Èmi gan-an tí mo mọ gbogbo nǹkan, mi ò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà ń ṣú ni Ọ̀pọ̀lọ́ wá dágbére. Ẹfúntọ́lá kó àgbálùmọ̀ kún apẹ̀rẹ̀, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Gbà á. Gbogbo rẹ̀ ni kó o gbà. Má lọ."

"Ìyá, mi ò jẹ àgbálùmọ̀ rí láyé mi."

Ó la ẹnu sílẹ̀. Ẹfúntọ́lá wo inú ẹnu náà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Eyín kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀.

Orí igi, láàárín ewé, Àdán ń jẹun.

Ọ̀pọ̀lọ́ fò, ó bà, ó fò, ó bà, ó gba ọ̀nà odò lọ. Kò sẹ́ni tó tún gba iṣẹ́ ọgbà náà mọ́. Koríko bò ó. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ọ̀pọ̀lọ́ á máa ké lódò. Àyọ̀ká á pọn ọmọ rẹ̀, á lọ dúró lẹ́bàá ọgbà, á máa mi ọmọ náà sí igbe yẹn, torí òun alára ò ní orin tó lè fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ìyá rẹ̀ á wà nínú ilé, á na etí, á máa retí kí ẹnì kan pe òun ní "Ìyá mi." Ó na etí títí ó fi kú. Ẹnikẹ́ni ò pè é.

Ohun tí ààlọ́ yìí kọ́ wa nìyí: bó o bá fẹ́ so ààlè, so ó síbi tí ojú á ti rí i. Bó o bá sì fura sí ẹni tó ń bá ọ ṣiṣẹ́, ní kó la ẹnu, kó o wò ó, kó o tó dẹ okùn fún un. Ààlè tó bá sá pamọ́ kò mọ olè yàtọ̀ sí ọmọ.

Ibi tí ààlọ́ mi fò dé, tó bà, tí kò lè fò mọ́, nìyí. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ bu omi sí i. Bí omijé ni, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.